Ilẹ̀ Tí Kò Tíì Gbẹ

Ẹ má wọ yàrá yẹn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbí, kí ẹ fa bẹ́ǹṣì yẹn kúrò nínú oòrùn. Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ rí ọmọ Fúlàní tó ru abọ́ ẹlẹ́bọ́tọ wọ àgbàlá mi níjẹta, ẹ sì ń bi ara yín pé kí ni ìyá arúgbó fẹ́ fi ìgbẹ́ màlúù ṣe nígbà tí Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú yín sọ pé bóyá mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Èmi tí orúnkún mi kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀! Rárá o. Ilẹ̀ ni a fi pa.

Ẹ̀ ń wojú ara yín. Kò yà mí lẹ́nu. Orí táìsì ni wọ́n ti kọ́ yín ní ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín létòlétò, nítorí ohun tí a kò bá sọ dáadáa, bí ẹni tí kò sọ ọ́ ni.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, erùpẹ̀ ni ilẹ̀ gbogbo ilé ní abúlé yìí, ilé Ọlọ́run náà kò sì yàtọ̀. Erùpẹ̀ lásán kì í ṣe ilẹ̀ gidi. Tí a bá gbá a, eruku á sọ. Tí a kò bá gbá a, jìgá á wọ ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ náà á sì máa fi gìgísẹ̀ rìn bí adìyẹ tó tẹ iná. Nítorí náà ni a ṣe ń pa ilẹ̀. Ẹlẹ́bọ́tọ tútù ni a máa ń wá. A ó gún ewé ẹ̀wà, a ó fún omi rẹ̀ sí i kí ó lè ní àwọ̀ ewéko, a ó ku eérú díẹ̀ sí i, a ó wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ la fi ń tẹ́ ẹ, kì í ṣe ìgbálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ fà á láti ọ̀tún sí òsì, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá gbẹ, ilẹ̀ náà á dán, á tutù, kò sì ní rùn rárá. Ẹ má yínmú sí mi. Mo ní kò rùn.

Ọwọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ní bátànì tirẹ̀. Ẹ lè wọ ilé kan kí ẹ mọ ẹni tó pa ilẹ̀ rẹ̀ láìbéèrè. Ọwọ́ ìyá mi dà bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan á gorí èkejì, gbogbo wọn á sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òun ló kọ́ mi, èmi náà sì kọ́ àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ìjọ méjì péré ló wà níbí nígbà náà. Ìjọ Òkè wà níbi tí ẹ ti ń rí ilé alájà yẹn báyìí. Ìjọ Odò wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ajílété. Ìjọ Odò ni wọ́n bí mi sí. Ìlànà ìsìn wọn kò bára mu. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan kì í pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń ri ọmọ bọ omi, àwọn kan ń wọ́n ọn lórí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ayé àtijọ́ kò ní àríyànjiyàn. Wọ́n ń jiyàn. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí kò jẹ́ kí àríyànjiyàn náà di ìjà, òun sì ni pé ẹnikẹ́ni kì í pa ilẹ̀ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kúnlẹ̀.

Bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, àwọn obìnrin Òkè á sọ̀ kalẹ̀ wá pa ilẹ̀ Ìjọ Odò, àwọn obìnrin Odò á sì gun òkè lọ pa ilẹ̀ Ìjọ Òkè. A ó pàdé ara wa lójú ọ̀nà, igbá àti abọ́ lórí, orin lẹ́nu. Tiwọn á máa lọ sísàlẹ̀, tiwa á máa lọ sókè, orin méjèèjì á sì dàrú mọ́ ara wọn. Àwọn ọmọkùnrin ló ń lọ kó ẹlẹ́bọ́tọ ní gáà àwọn Fúlàní, wọ́n á sì máa sọ ọ́ lu ara wọn títí ìyá ẹnì kan á fi yọ pàṣán.

Ta ló dá àṣà náà sílẹ̀, n kò mọ̀, ohun tí n kò mọ̀ n kì í sọ. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi nìyí: "Àdùkẹ́, ẹni tí o bá ti fi ọwọ́ rẹ tẹ́ ibi tí orúnkún rẹ̀ ń gbé, ẹnu rẹ kò ní í lè bú u mọ́." Ìwé girama tí mo kà, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tó ju ìyẹn lọ nípa ìjọ Ọlọ́run.

Ohùn tí n kò lè gbàgbé ni ìró ọwọ́ àwọn obìnrin lórí ilẹ̀ tútù nínú ilé ìjọsìn tó ṣófo. Ṣàá, ṣàá, ṣàá. Ẹnì kan á dá orin, àwọn tó kù á gbè é láì gbójú sókè. Ilé mi yìí kò ní ìró báyìí àfi ti aago ara ògiri àti ti ọ̀kadà tó ń kọjá lọ. Bí ọ̀kadà bá dẹwọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, ọkàn mi á fò sókè. Á tún sáré lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún yín. Obìnrin rere ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ máa ń fa omi jù. Ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣàn, ẹ̀kọ rẹ̀ kì í dì. Ní ọdún kan, òun ló po ẹlẹ́bọ́tọ fún Ìjọ Òkè. Ìyá ìjọ wa wo inú abọ́, ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, omi yìí kò ha pọ̀ jù bí?"

Ìyá mi ní, "Ọyẹ́ á fà á gbẹ."

"Ọyẹ́ wo? Ọyẹ́ tí kò tíì kúrò ní Ìwòyè-Kétu?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ kò dé. Òjò wínníwínní tí ẹnikẹ́ni kò retí ló rọ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi di òwúrọ̀ Kérésìmesì, ojú ilẹ̀ náà ti gbẹ lójú lásán, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ tutù bí ẹ̀kọ tí kò jiná.

Èmi kò sí ní Ìjọ Òkè ní òwúrọ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ń tún un sọ lọ́dọọdún títí ó fi kú. Ó ní gbogbo wọn wọ funfun. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n sì kúnlẹ̀ gbàdúrà gígùn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dìde, ẹnì kan ní "Yéè!" Àmì aláwọ̀ ewéko róbótó róbótó méjì ló wà ní orúnkún gbogbo wọn, àti ọmọdé àti àgbà, àti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọdún. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan tí ó ń rán aṣọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì rán púpọ̀ nínú aṣọ náà, fò dìde, ó ní, "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Àwọn ará Odò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí wọ́n lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí!"

Ẹ mọ bí iná ṣe ń ràn. Ẹnì kan rántí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko. Ẹnì kan rántí ohun tí ará Odò kan sọ nípa ọmọ wíwọ́n lómi. Bàbá ìjọ wọn, àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀, wo orúnkún ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ kí àwọn tó pa á."

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwa ń jáde ìsìn lọ́wọ́ nígbà tí a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo wọn pẹ̀lú orúnkún ewéko. Ó yé ìyá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fà sẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú. Ìyá mi, àgbàlagbà obìnrin, ló sá pamọ́ sẹ́yìn èmi ọmọdébìnrin.

Aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bàbá ìjọ tiwa jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Kò bẹ̀bẹ̀, kò wáàsù, kò béèrè ẹni tó po ẹlẹ́bọ́tọ. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ pé ilẹ̀ tí a pa fún wọn kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí a mọ bí ó ṣe rí."

Òun ló ṣíwájú. Gbogbo Ìjọ Odò gun òkè tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ ọdún wọn. A wọ inú Ìjọ Òkè, a kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí àwa fúnra wa pa, a gbàdúrà, a sì dìde. Nígbà tí a jáde, kò sí orúnkún funfun kan mọ́ ní abúlé yìí. Òjò ló pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ta ni yóò fi ta ṣe yẹ̀yẹ́? Aránṣọ náà wo ṣòkòtò bàbá ìjọ wa, ó wo tirẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ta wá ni olómi inú yín?" Ìyá mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Olómi, orúkọ náà ni wọ́n sì fi sin ín.

A jẹun pọ̀ lábẹ́ igi ní ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan wá dúró sí iwájú mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Ìyá Olómi, ta ni yóò fọ ṣòkòtò mi?"

Mo ní, "Ìyá tó bí ọ ni."

Ó ní, "Ìyá tó bí mi ti ní kí n wá ẹlòmíràn."

Mo ní kí ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde girama, tí àwa méjèèjì sì dàgbà tán, ẹ ti mọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Mo kúrò ní Odò, mo lọ sí Òkè, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí n tún ìrìbọmi ṣe. Wọ́n ní orúnkún kan náà ni.

Ẹ bi mí bí àṣà náà ṣe parí. Ẹ ó rò pé ìjà ni. Ìbá ṣe pé ìjà ni, à bá ti parí ìjà, nítorí ẹnu àti ahọ́n ń jà, wọ́n sì ń gbé inú ilé kan náà. Kò sí ẹni tó jà. Sìmẹ́ǹtì ló dé. Ọmọ abúlé kan tó ríṣẹ́ gidi ní ìlú ńlá ló ra sìmẹ́ǹtì fún Ìjọ Òkè, gbogbo wa sì jó. Nígbà tí Kérésìmesì dé, àwọn obìnrin Odò gun òkè bí ìṣe wọn pẹ̀lú abọ́ lórí. Mo wà ní Òkè nígbà náà, mo rí wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Kí ni wọ́n fẹ́ pa? Wọ́n gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti gbá a. Wọ́n kọ orin kan. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, bí àlejò tí wọn kò fún ní ìjókòó, wọ́n sì lọ. Ní ọdún kejì wọn kò wá. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ìjọ Odò náà ra sìmẹ́ǹtì. Báyìí ni ó ṣe kú láìsí ẹni tó sunkún.

Lẹ́yìn náà ni ògiri dé yí Ìjọ Òkè ká, pẹ̀lú géètì. Lẹ́yìn ògiri ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ti Òkè kọjú sí ìsàlẹ̀, ti Odò kọjú sí òkè, ọ̀kan kò sì gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ. Èmi wà láàárín wọn níbí. Mo ń gbọ́ méjèèjì pọ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, n kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá túká, mọ́tò á gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá. Mo ń ka gíláàsì mọ́tò tí wọ́n gbé sókè. Tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ti ìsìn dé kí ó má yà kí mi, kí ó má mu omi.

Ọkọ mi kò jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí yàrá kan nínú ilé yìí, yàrá àdúrà rẹ̀ lẹ́yìn yẹn. Ó ní òun fẹ́ ibi kan tí orúnkún òun á ti mọ̀ pé ẹnì kan fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Èmi ni mo ń pa á fún un lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wa méjèèjì a sì máa bá mi pa á, Ṣẹ́gun láti apá ògiri ọ̀tún, Dúpẹ́ láti apá òsì, wọ́n á pàdé láàárín. Ṣẹ́gun á ní, "Màmá, ẹ wo Dúpẹ́, ó tún ti da omi jù!" Dúpẹ́ á fi ẹlẹ́bọ́tọ kùn ún nímú. Bàbá wọn á máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ mọ Ṣẹ́gun. Òun ló ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù ní Ayétòrò, tó sì ń darí akọrin ìjọ wọn níbẹ̀. Dúpẹ́ ni ẹ kò mọ̀ dáadáa. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ìlaròó. Ìjọ ọkọ rẹ̀ ló ń lọ, ìjọ tuntun kan tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà ti sọdá rí.

Ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn ni nǹkan bàjẹ́. Dúpẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí pásítọ̀ òun gba àdúrà kan péré lẹ́bàá pósí. Ṣẹ́gun ní rárá. Ó ní, "Bàbá wa kì í ṣe ọmọ ìjọ yín."

Dúpẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìjọ tiyín nìkan ni Ọlọ́run tó dá a ń lọ ni?"

"Má sọ ìsọkúsọ níwájú òkú."

"Òkú tiwa méjèèjì ni!"

Níwájú gbogbo ayé. Dúpẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ kí wọ́n tó bu iyanrìn sí bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Dúpẹ́ ń wá kí mi nígbà tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, Ṣẹ́gun ń wá ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Mò ń se oúnjẹ ọdún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dùn ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Inú ògiri tèmi ni ó ti lanu.

Mo jẹ́ ẹni tí àníyàn ọmọ kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, mo mọ ara mi. Bí Ṣẹ́gun bá wà lójú ọ̀nà, àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì wọ̀nyẹn ni mo ń rò. Bí Dúpẹ́ bá gun ọ̀kadà, mò ń bi í pé ṣé ó dé akoto, bí ẹni pé ọmọ ilé-ìwé ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rù wọ̀nyẹn kéré. Ẹ̀rù tó ń bà mí ní tòótọ́ ni ọjọ́ tí èmi náà bá wà nínú pósí. Ta ni yóò jẹ́ kí ta gbàdúrà? Ṣé orí mi ni wọ́n á tún ti jà, tí wọn kò sì ní í pàdé mọ́ láéláé, nígbà tí kò bá sí ìyá tí wọ́n ń wá kí? Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run nìyẹn. Kí n rí àwọn méjèèjì pọ̀ kí n tó lọ.

Lọ́dún yìí, orúnkún mi kò gbà mí mọ́. Mo pe àwọn méjèèjì lórí fóònù, n kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n wá pa ilẹ̀ yàrá bàbá wọn fún mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ṣẹ́gun ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n da sìmẹ́ǹtì sí i. Àpò díẹ̀ ló máa gbà. Ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà."

Mo ní, "Bí mo bá kú, kí o dà á."

Ó ní, "Ṣé ó ń bọ̀?"

Mo ní, "Mo pè é."

"Ó dáa. Màá wá lọ́sàn-án."

Dúpẹ́ náà béèrè ohun kan náà. Ó ní òun á wá ní àárọ̀, òun á sì ti lọ kí oòrùn tó mú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lánàá. Dúpẹ́ dé, ó yọ bàtà, ó po ẹlẹ́bọ́tọ, ó kúnlẹ̀ láti apá òsì bí ó ti máa ń ṣe ní kékeré. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mo ń wò ó. Ìpẹ́ ẹja ìyá mi ló ń jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣàá, ṣàá. N kò tíì gbọ́ ìró yẹn nínú ilé yìí láti ọwọ́ ẹlòmíràn fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ó dé àárín, ó dìde.

Mo ní, "Dúpẹ́, ìdajì ni o ṣe."

Ó ní, "Ìdajì tèmi nìyẹn, Màmá." Ó fọwọ́, ó dì mọ́ mi pẹ́, ó gun ọ̀kadà lọ. Mo ní kí ó pè mí bí ó bá ti dé Ìlaròó. Ó pè.

Ọ̀sán ni Ṣẹ́gun dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó sì wo ilẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè ẹni tó pa á, ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ ọwọ́ àbúrò rẹ̀? Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ǹtì ń pa ilẹ̀ erùpẹ̀! Ó ń ṣe é lọ, ó ń mí gúlegúle, títí ó fi dé ibi tí àbúrò rẹ̀ dúró sí. Láti so méjèèjì pọ̀, ó ní láti sún kọjá ojú ààlà náà díẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kan wọ inú ti Dúpẹ́, ó sì rì.

Ó gbé e sókè, ó wò ó. Ewéko ni, róbótó. Ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ìyá Olómi kò tíì kú."

Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ó fọwọ́ rọra dí ihò tí orúnkún rẹ̀ dá, ó sì gbìyànjú láti ṣe ìpẹ́ náà bí ti Dúpẹ́. Kò jọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ó ń lọ, ó ti dé ibi mọ́tò rẹ̀ kí ó tó yíjú padà. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún un pé omi rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá wọn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó rán sí i nìyẹn.

Mo pe Dúpẹ́. Mo jíṣẹ́ náà bí ó ti rán mi gẹ́lẹ́, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò.

Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kó fọ ṣòkòtò rẹ̀ fúnra rẹ̀."

N kò sọ fún un pé ó kúnlẹ̀ sí i o. N kò mẹ́nu kan ṣòkòtò. Ó mọ ibi tí orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa dé.

Mo ní, "Èmi kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín. Wá sọ ọ́ fún un fúnra rẹ lọ́jọ́ Kérésìmesì."

Ó ní, "Màá rí i, Màmá." Mo tún pe Ṣẹ́gun. Mo ní Dúpẹ́ ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ jẹ́ fún un, mo sì ní n kì í ṣe ẹni tí yóò bá a jẹ́ ẹ. Ó ní, "Iṣẹ́ wo?" Mo ní kí ó wá gbọ́ ọ. Òun náà ní òun á rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á wá pọ̀, ohun tí n kò mọ̀ n kì í sọ. Ẹ dìde kí ẹ máa lọ, àwọn òbí yín á ti máa wo ọ̀nà. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn tírélà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, kí ọ̀kan nínú yín bá mi sọ ẹní yẹn kalẹ̀ láti orí àjà. Ẹyọ kan péré, èyí tó gùn jù. Ẹ gbé e ti ògiri síbẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá gbẹ, mo fẹ́ tẹ́ ẹ dábùú ojú ààlà yẹn, kí ó má baà sí ẹni tí yóò mọ apá ibi tí òun jókòó sí.